Jíìpù Yín Tí Kò Gun Òkè Mọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ dáadáa, ṣùgbọ́n báwo ni n ṣe máa kí yín? Abẹ́ igi ọsàn yín ni mo jókòó sí kọ lẹ́tà yìí. Ẹ má bínú bí ìwé náà bá ń rùn. Mo ti fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òórùn dísẹ́ẹ̀lì ò sì kúrò níbẹ̀. Màámi ti jáde nílé opó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n wẹ̀, wọ́n ró ìró aláwọ̀ ewé tí ẹ rà fún wọn, wọ́n sì ní kí n gbé gààrí wọn lọ sọ́jà Mọ́níyà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí a fi jíìpù yín ṣe. Lọ́jọ́ tí a sin yín, Bàbá Kékeré, àbúrò yín, gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kò bójú mu kí ẹnikẹ́ni jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí nígbà tí ìyàwó yín ṣì wà nílé opó. Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà sì gbà. A fi tápólì bò ó, a ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé àlejò ló ń sùn níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, Bàámi, láàárín òjò! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tan án láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, bí a ò tiẹ̀ ní ibì kankan tí a ń lọ. Àpọ́nlé ni a pè é. Nígbà tí a máa fi ṣí tápólì kúrò, adìẹ ti yé sí ìdí táyà ọ̀tún.

Mo tan án, ó sì tan. Ó gbọ̀n, ó wúkọ́, ó tú èéfín dúdú, inú mi dùn. A kó àpò gààrí márùn-ún sẹ́yìn, a sọdá odò, a dé ìdí òkè tí a gbọ́dọ̀ gùn kí a tó já sí títì. Kò gùn ún. Mo fi jíà kìíní wọ́ ọ títí, ó dúró sí agbedeméjì bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Màámi sọ̀ kalẹ̀ nínú ìró tuntun wọn, wọ́n wá òkúta fi dí táyà. Ẹ̀yìn ni a fi rìn padà sísàlẹ̀.

Mẹkáníìkì kan wá wò ó, ó ní ẹ́ńjìnnì ti kú, àfi kí a sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá Kékeré sọ ló gba gbogbo agboolé. Wọ́n dúró níwájú jíìpù, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì fi mọ́tò yìí sílẹ̀. Ọwọ́ wọn ṣì wà lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tà á, kí wọ́n lè sinmi.”

Wọ́n ní àwọn ní ẹnìkan ní Olódò tó ń wá irú rẹ̀, yóò wá wò ó lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ẹ mọ̀ pé bí jíìpù bá lọ, òwò gààrí wọn lọ nìyẹn, nítorí lọ́rí kì í wọ abúlé wa àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tèmi tún yàtọ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ fi sílẹ̀, òun nìkan ló ṣì ń dún.

Ẹ mọ irú ọmọ tí mo jẹ́. Nígbà tí mo ṣì kéré, mo tú rédíò yín wò nítorí mo fẹ́ mọ ibi tí ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ jókòó sí. Ọ̀rọ̀ pé òkú di mọ́tò mú ò wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n n kò bá wọn jà. Mo kàn fẹ́ rí i. Mo sì rántí pé jíìpù yìí ti ń ṣọ̀lẹ kí ẹ tó lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ lò kẹ́yìn, mo ráhùn fún yín pé kò lágbára mọ́. Mo bi yín bóyá epo ni, bóyá asẹ́ ni. Ẹ ń jẹ orógbó yín lọ, ẹ ń wo adìẹ. Ẹ ní a máa wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ fún iléeṣẹ́ àwọn olùwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tí nọ́ọ̀tì kan ò lè tú kí etí yín má gbọ́, kí ló dé tí ẹ ò fi wò ó?

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ̀lé ọ̀nà tí ẹ kọ́ mi. Asẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́. Omi ò wọnú dísẹ́ẹ̀lì. Mo tan án, mo fi ẹsẹ̀ tẹ tọ́tù, mo wá tẹ́tí sí súfèé tí tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti fi kún agbára ẹ́ńjìnnì, máa ń fọn nígbà tó bá jí. Kò fọn súfèé kankan. Ni mo bá pa á, mo dúró kó tutù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo tọ́bò náà, bó ṣe ká bí ìgbín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Agolo kékeré kan wà lára rẹ̀, kò ju agolo mílíkì lọ, ọ̀pá irin tín-ín-rín sì jáde láti inú rẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ẹ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rí: bí atẹ́gùn tọ́bò bá pọ̀ jù, agolo á ti ọ̀pá, ọ̀pá á ṣí ìlẹ̀kùn kékeré kan, èéfín á gba ibẹ̀ kọjá kí ẹ́ńjìnnì má baà fọ́. Mo wá rò ó pé bí ìlẹ̀kùn yẹn bá wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo ńkọ́? Èéfín á kàn máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ, tọ́bò ò ní yí, agbára ò ní sí. Mo fọwọ́ kan ọ̀pá náà. Kò mira rárá. Mo fi àkísà nu eruku àti gíríìsì kúrò kí n lè ríran, mo sì rí wáyà kan.

Ẹnìkan ti fa ọ̀pá náà síta, ó sì fi wáyà so ó mọ́lẹ̀. Ó lọ́ ọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó sì ká ẹnu rẹ̀ sínú.

Mo pariwo pe Màámi. Wọ́n wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun gààrí lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka kan tọ́ wáyà náà.

“Ta ló tún ń ká ẹnu wáyà sínú báyìí láyé yìí? Bàbá ẹ ni.”

Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ so ilé adìẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ so ọgbà ẹ̀fọ́ àti ọwọ́ gárawa tó já, kí ẹnu wáyà má baà ya ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo ní kí ló lè mú kí ẹ fi ọwọ́ ara yín so agbára mọ́tò yín pa. Màámi wò mí lójú.

“Ṣé o ti gbàgbé obìnrin onígi ni?”

N kò gbàgbé, Bàámi. Mo kàn ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé ni. Ẹ jókòó ti mi lọ́jọ́ náà, à ń ti Mọ́níyà bọ̀, mo sì ń yangàn fún yín pé mo ti mọ ọkọ̀ wà. Súfèé tọ́bò ń dùn mọ́ mi. Mo yà ní kọ́nà tó wà lẹ́yìn igi àràbà pẹ̀lú eré, obìnrin àgbàlagbà kan sì fò sínú kòtò, igi ìdáná rẹ̀ fọ́nká sójú ọ̀nà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa obìnrin náà dìde, ẹ ṣa igi náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dì í, ẹ bá a gbé e rù, ẹ ń bẹ̀ ẹ́. Èmi jókòó sídìí sítíárìn, ojú tì mí, n kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò bá mi wí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbọ́ tí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rò pé epo ni ẹ fẹ́ wò.

Mo fi púláyà tú wáyà náà. N kò gé e. Ṣùgbọ́n ọ̀pá náà ò padà sáyè rẹ̀, nítorí àpọ́nlé wa ti jẹ́ kí ìdí ìlẹ̀kùn náà dógùn-ún. Mo po kẹrosíìnì mọ́ epo bíréèkì díẹ̀, mo ń kán an síbẹ̀ láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́, mo ń fi ìdí hámà kàn án jẹ́jẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ ó mira díẹ̀, bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Mo ń fà á, mo ń tì í, ẹ̀dú dúdú ń jáde, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó gbo ó. Kí ó tó di ìrun alásàárì, ìka méjì ti tó láti mú un lọ, mú un bọ̀.

Ó ku agolo. Báwo ni n ṣe máa mọ̀ bóyá róbà inú rẹ̀ ti ya? Mo ronú kan pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ yín. Mo so ẹnu rẹ̀ mọ́ agolo, mo ní kí Màámi rọra fún atẹ́gùn sínú rẹ̀. Ọ̀pá náà yọ jáde jẹ́jẹ́. Nígbà tí atẹ́gùn tú, ó padà wọlé.

“Hẹ̀n-ẹ́n! Ó ń mí!”

Wọ́n tún fún un. Wọ́n tún fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí ìdí kankan, wọ́n kàn fẹ́ rí i ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bàámi. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, mo sì fara pamọ́ sẹ́yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì sunkún díẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin ará Olódò dé lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ní kí a kọ́kọ́ dán an wò. Àpò márùn-ún náà wà lẹ́yìn, Màámi wà níwájú, Bàbá Kékeré jókòó sórí gààrí pẹ̀lú agbádá ìrun wọn, àlejò wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní ìdí òkè, súfèé náà jí. A gùn ún tán láìdúró.

“Ẹ̀gbọ́n mi ti fi sílẹ̀ o! Wọ́n ti fi sílẹ̀!”

Bí Bàbá Kékeré ṣe ń ké nìyẹn, wọ́n ń lu orí jíìpù. Ọkùnrin Olódò fẹ́ rà á lójú ẹsẹ̀, Bàbá Kékeré ní kò sí jíìpù tí àwọn ń tà. N kò sọ ọ̀rọ̀ wáyà fún wọn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ni wọ́n sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ yín ló wà lára rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Ìgbà wo ni ẹ fẹ́ tú wáyà náà? Àmì wo ni ẹ ń retí lára mi? Bí ẹ bá sọ fún mi lẹ́nu, ṣé mo máa gbọ́? Mo rò pé n kò ní gbọ́, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Nígbà tí a ń ti Mọ́níyà bọ̀ lánàá, ẹsẹ̀ mi kúrò lórí tọ́tù kí a tó dé kọ́nà igi àràbà. Kò sẹ́ni tó wí fún mi. Kò sì sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Wáyà náà ṣì wà pẹ̀lú mi. Mo so ó mọ́ ọ̀pá jíà, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ mi máa ń bà lé. Ìlọ́po mẹ́ta ni mo lọ́ ọ, mo sì ká ẹnu rẹ̀ sínú.

Kí Ọlọ́hun tẹ́ ibùsùn yín sí àlùjánńà. Mo ń tan jíìpù yín láràárọ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó ń rọra wà á.