Má Ta Ampilifáyà Ilé Iṣẹ́

Àdíját Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnira ọ̀nà Ìgándò tí o ní ó ń jẹ táyà. Ọlọ́run tó fún ọ ní ọkọ̀ kò ní í fi gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Ìyá rẹ wà dáadáa, ewúrẹ́ rẹ̀ bí méjì, ọ̀kan kú, nítorí náà ẹyọ kan ni kí o kà. Èmi náà wà, àfi ohùn mi. Ampilifáyà mọ́ṣáláṣí wa ti jó, ẹnu lásán ni èmi ládàánì fi ń pe ìrun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ohùn mi wá dà bíi ti àkùkọ tí òtútù mú.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé ni ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. O ní o ti yọ ampilifáyà ilé iṣẹ́ kúrò nínú ọkọ̀, o ti fi òmíràn sí i, àti pé rewáyà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá fẹ́ ra ti ilé iṣẹ́ ọ̀hún ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Àṣàkẹ́, ọdún mẹ́fà ni o ti ṣe níbi iṣẹ́ yẹn. Pín ogún sí mẹ́fà, kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ́dún, òun ni o fẹ́ fi ba orúkọ wa jẹ́? O tún ní wọ́n fa wáyà ńlá láti orí bátìrì tààrà. Tààrà kẹ̀? Aládùúgbò wa kan fa iná tààrà láìgba inú mítà, ó san owó ìtanràn títí ó fi ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀. O ní ti tuntun ní ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ìwọ nìkan lo ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ta ni yóò máa gbọ́ mẹ́ta yòókù? Dá ẹrù ẹlẹ́rù padà. Má tà á.

Ibí ni mo dé lánàá kí n tó mú ìwé yìí lọ bá Báyọ̀dé, rewáyà tó ń wo ti mọ́ṣáláṣí, kí ó bá mi yẹ àdírẹ́sì wò. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ni o ń sọ, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń san owó oṣù fún ọ, pé ìwọ gan-an lo ni ín. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n náírà ni mo fi ra ìwé, n kò lè fà á ya. Fi orí jì mí fún gbogbo ohun tó wà lókè, àfi "má tà á," ìyẹn ṣì dúró.

Ìdí ni pé Báyọ̀dé ní bátìrì sólà mọ́ṣáláṣí lè gbé e, òun yóò so ó mọ́ gbohùngbohùn orí òrùlé. Mo sì ti sọ fún Lèmọ́mù pé o ti fi í ta mọ́ṣáláṣí lọ́rẹ. Lónìí Jímọ̀ ni wọ́n ṣàdúrà fún ọ, gbogbo ìjọ ṣe àmín, a kò sì mọ bí a ṣe ń dá àdúrà padà.

Nítorí náà fi í rán ọlọ́kọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ìkòtún, pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá: wáyà márùn-ún, iṣẹ́ Báyọ̀dé mẹ́rin, oyin fún ọ̀fun mi ọ̀kan. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí tuntun rẹ tọ́jọ́, kí àlòkù rẹ sì mú ọ dé àlùjánnà. Lọ́jọ́ tí a bá so ó, màá pè ọ́ ní àsùbáà, kí o gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Tètè gbé e, owó ìṣẹ́jú kan péré ló wà lórí fóònù mi.

Èmi bàbá rẹ,
Ràímì Ládàánì