Abọ́ Ọlọ́mọrí tí Mo Ń Gbé fún Àfí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àwa tó ṣẹ́kù ń kí yín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Orúnkún ń dùn mí bí òjò bá ṣú, àmọ́ ojú mi ṣì ń ríwèé kà. Ọ̀rọ̀ kan ló wà níkùn mi tí mi ò lè sọ fún ẹlòmíràn. Wọ́n á ní, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ!

Ẹ ò mọ Àfí. Ọmọ ọmọ mi ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Lomé, ó sì fi í ránṣẹ́ sí mi ní Atakpamé nígbà tí ilé ìwé wọlé, kí ó lè máa lọ sí lisé, ilé ìwé girama, níbí. Inú mi dùn. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ìwé ni mo ń bá jẹun. Màá fi agolo tòmátò gbé e dúró níwájú mi, màá máa ṣí i pẹ̀lú ọwọ́ òsì.

Mo fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé ẹni pàtàkì ni. Mo ra abọ́ ọlọ́mọrí tuntun, èyí tó ní òdòdó lára. Nírọ̀lẹ́, màá bu àkùmẹ́, òkèlè àgbàdo wa, sínú rẹ̀, màá ṣa ẹja adágún Nangbéto tó dára jù sínú ọbẹ̀, màá gbé e lọ sórí tábìlì ìwé rẹ̀, màá sì rọra ti ilẹ̀kùn kí ariwo má bàa dí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà màá padà sídìí ìwé mi. Mo rò pé ìtọ́jú nìyẹn.

Nígbà tó ṣe, gaàrí bẹ̀rẹ̀ sí í tán nínú agolo. Mo ní eku ni. Mo dẹ pàkúté. Kò mú nǹkan kan, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tún pòórá, odidi rẹ̀, pẹ̀lú ṣúgà. Irú eku wo ló ń fi ṣíbí bu ṣúgà? Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé abọ́ ọlọ́mọrí ń padà wá bí mo ṣe gbé e lọ, Àfí á ní òun ti jẹun nílé ìwé. Á tó ọjọ́ méjì tí kò ní fẹnu kan nǹkan. Tí mo bá wá lọ sí ọjà, á dá jẹun títí inú á fi máa run ún. Aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ti ń tóbi sí i lára.

Kí ni olùkọ́ ṣe? Ó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo ya ẹ̀wà, ẹyin àti ewébẹ̀ sórí bébà fún un. Mo tún lọ sí ìpàdé òbí, níbi tí ọkùnrin kan tó de táì ti fi Faransé tó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí ọ̀dọ́ máa jẹun. Wákàtí kan gbáko, kò dárúkọ oúnjẹ kan ṣoṣo. Mo pàtẹ́wọ́. Mo tilẹ̀ kọ díẹ̀ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tí mo wá mú un lọ bá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wọn ìwúwo Àfí, ó bá ọmọ náà nìkan sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó pè mí wọlé.

“Màmá, ta ló ń bá ọmọ yìí jẹun?”

Mo ní ẹnikẹ́ni kì í yọ ọ́ lẹ́nu, mo ń bu tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo sì ń dé e. Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tó kọ ìdáhùn tí kò bá ìbéèrè mu.

Bí a ṣe ń gun òkè lọ sílé ni Àfí là á yé mi, kò wojú mi.

“Màmá àgbà, ní Lomé, inú àwo kan ni èmi àti àwọn àbúrò mi ti ń jẹ. Àlejò nìkan ni Màmá ń bu tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún. Mo ti ń retí ọjọ́ tí ẹ máa ní kí n máa lọ.”

Bàbá, mo jókòó sórí òkúta kan létí ọ̀nà. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí.

Mi ò rántí ọjọ́ kan tí ẹ dá jẹun nílé wa ní Glei. Ẹ máa ń pe àwa ọmọbìnrin náà sídìí àwo yín, tí àwọn arákùnrin yín á máa kùn. Òkèlè kéékèèké lẹ máa ń bù, kí ọwọ́ wa lè tó ọbẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe nígbà náà, àbí ebi kì í pa yín ni? Báwo ni mo ṣe gbàgbé ìyẹn, tí mo rántí gbogbo odò ilẹ̀ Faransé?

Àwo kan ni a ń gbé sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí. Mi ò ní purọ́ fún yín, kò tíì yanjú. A ṣì ń lọ rí nọ́ọ̀sì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí òkèlè kan ṣoṣo ni yóò bù, tí yóò kàn jókòó tì mí. Èmi náà á jókòó, mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Kò sí iṣẹ́ tó le tó yẹn fún olùkọ́.

Lánàá ó jẹun díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ tuntun kan ní kíláàsì rẹ̀. Nígbà tí mo nawọ́ sí orí ẹja, ó gbá ọwọ́ mi.

“Màmá àgbà, ẹ ṣe sùúrù! Ṣé ọkọ̀ ló ń fun fèrè dè yín ni? Tèmi nìyẹn.”

“Orí ẹja, fún ọmọdé?”

“Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i.”

Mo fi í sílẹ̀ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fa egungun rẹ̀ mu, kò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ sinmi dáadáa níbẹ̀, Bàbá mi. Ọkàn mi ń fà sí yín.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó ti darúgbó kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ fún ọmọ.