Orúkọ Tó Wà Lọ́rùn Aṣọ Ìyá Rẹ

Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún, 1996.

Wàsílátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ẹ̀rọ tí o jókòó tì, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ọ lọ́wọ́. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ tó máa ń dùn ún bí òjò bá ṣú.

Aṣọ tí o fi ránṣẹ́ sí i fún Iléyá dé, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ lọ sí Yídì, ẹ̀bi mi sì ni. Mo yí ọrùn rẹ̀ wò bí télọ̀ ṣe máa ń ṣe, mo rí orúkọ kan níbẹ̀, Oyèbísí. O mọ̀ pé ní ṣọ́ọ̀bù wa, orúkọ ẹni tó ni aṣọ la máa ń kọ sórí bébà tí a ń fi pínnì há mọ́ ọrùn rẹ̀, kí a má baà gbé tẹnìkan fún ẹlòmíràn. Mo ní ọmọ mi ti gbé aṣọ oníbàárà fún ìyá rẹ̀. Mo tì í mọ́ inú àpótí de Oyèbísí. Àṣàkẹ́ ìyá rẹ fi bùbá àtijọ́ kírun, ó sì bínú sí mi títí a fi jẹ ẹran tán. N kò kọ́ ọ ní olè jíjà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Àsíátù, tíṣà kan láti Ọ̀tan Ayégbajú, gbé irú aṣọ náà gan-an wá pé kí n bá òun dín ìbàdí rẹ̀ kù. Oyèbísí náà ló tún wà lọ́rùn rẹ̀. Mo bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣé òun ni Oyèbísí, kó wá gba ìkejì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní orúkọ ọ̀gá yín tí o máa ń pè ní Màdáámù nínú lẹ́tà ni Oyèbísí, tó ń ránṣọ fún àwọn olówó, tó wá bá ilé ìtajà ńlá kan ṣe èyí tí owó tíṣà lè ká, àti pé irú rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, tí wọ́n rán láìwọn ara ẹnikẹ́ni.

Ọmọ mi, dárí jì mí. Ọ̀gá yín ṣe dáadáa, ẹni tí kò lówó náà fẹ́ wọ aṣọ tó dára. Ṣùgbọ́n mo tú inú aṣọ náà síta, mo sì rí i níbi abíyá pé o rán an lẹ́ẹ̀mejì kí o tó já òwú, bí mo ṣe kọ́ ọ. Orúkọ ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ò sí níbẹ̀, ti ẹni tó rán an náà ò sí. Ó dùn mí. Mo wá fi òwú pupa kọ Wàsílátù sábẹ́ Oyèbísí, ìyá rẹ sì wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀, ó ń fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ ṣáá.

Bí ọ̀gá yín bá bínú, sọ pé èmi ni, n kò sì yọ tirẹ̀ kúrò. Bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ, àti òwú pupa sí i, nítorí Àsíátù ti yẹ abíyá tirẹ̀ wò, ọwọ́ rẹ ló wà níbẹ̀, ó sì ní kí n kọ orúkọ rẹ sí tòun náà.

Orúkọ rẹ kò ní parẹ́. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Ṣàkírù télọ̀