Àmín Tí N Kò Ṣe

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Ara mi le koko. Níléeṣẹ́ tí a ti ń pa aṣọ láró, ọ̀gá ló ń ṣíwájú àdúrà àràárọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó bẹ Ọlọ́run kí ojú àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba má tó páìpù tó ń da omi aró sódò. Gbogbo wọn ṣe àmín, èmi dákẹ́.

"Alákọ̀wé, ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, ọ̀gá. Àwọn tó ń mu omi odò yẹn náà ń gbàdúrà."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ní kí n lọ máa sinmi. Mo ti kó kúrò ní yàrá iléeṣẹ́; yàrá mi tuntun kéré, ó rọrùn láti gbá. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n wá bẹ ọ̀gá. N kò ní í lọ.

Bá mi kí Màmá. Àdúrà tí wọ́n bá gbà fún mi, mo ti ṣe àmín.