Alhaja Ìsíátù Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, Ẹni Tí Kò Ta Férémù Ńlá fún Ayùn Kékeré

Ní ìlú Ìṣẹ́yìn, ní agbo ilé Abórìṣàdé, ni wọ́n ti bí Alhaja Ìsíátù Àbẹ̀kẹ́ ní ọdún 1958. Ahunṣọ ni baba wọn, Olóògbé Àbdùlgàfár. Ìyá wọn ń ta ẹ̀gúsí. Wọ́n lọ sí ilé kéwú, wọ́n sì ka ìwé mẹ́fà já. Láti kékeré ni wọn kì í ti í lè panu mọ́ bí wọ́n bá rí ìrẹ́jẹ. Ẹbí fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí títí tí wọ́n fi kú. Ẹni tó bá ń pè wọ́n ní arúgbó oníjà, kò mọ ohun tí ojú wọn rí.

Ní ọdún 1976, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn tó ń ta ìṣó ní Bọ́ládé, Òṣòdì, mú wọn wá sí Èkó. Nídìí ìṣó yìí ni Olóògbé Abdulhameed Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, tó ń fi ẹ̀rọ ayùn la igi sí pákó, ti rí wọn. Wọ́n so yìgì ní ọdún 1980, wọ́n sì ń gbé ní Okota. Ọlọ́run fi Roqeebah àti Mardiyah ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1998, Bàbá, ọkọ wọn, ra férémù ńlá tuntun, irin tí wọ́n máa ń dè mọ́ apá ẹ̀rọ ayùn kí ó lè la ìtì igi sí pákó gbọọrọ. Ẹni tó tà á kò béèrè irú ayùn tí Bàbá ní. Ayùn kékeré ni. Apá gígùn tí férémù náà ń fẹ́, tí wọ́n kì bọ̀ ọ́, ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ: ó gbóná, ó há sínú igi, ṣéènì, ẹ̀wọ̀n eléyín tó ń ge igi, já, ó sì ge Bàbá ní itan. Wọn kò tíì gbé wọn dé ọsibítù tí ẹ̀mí fi bọ́.

Ọ̀gbẹ́ni tó ta férémù náà wá kí opó.

"Ẹ gba kámú, Ìyá Roqeebah," ló wí. "Àmúwá Ọlọ́run ni."

Màmá gbójú sókè lórí ẹní. "Ọlọ́run kọ́ ló ta férémù yẹn."

Nígbà tí wọ́n ṣe opó tán, wọ́n pa ọjà ìṣó tì. Wọ́n jókòó ti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ayùn ṣe ní Ìsọlọ̀ títí wọ́n fi mọ ohun gbogbo nípa rẹ̀, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù férémù tiwọn ní Bọ́ládé. Àwọn ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Bí oníbàárà bá dé, Màmá kì í fọwọ́ kan ọjà kí wọ́n tó béèrè: "Igi wo lo fẹ́ là? Níbi tó ti fẹ̀ jù, báwo ló ṣe fẹ̀ tó? Ayùn wo lo ní?" Wọ́n á ní apá ayùn gbọ́dọ̀ gùn ju ìbú igi lọ, torí férémù náà máa gba díẹ̀ nínú gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí apá bá ṣe ń gùn sí i ni ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ṣe máa lágbára sí i, pàápàá bó bá jẹ́ igi líle. Ẹni tí ayùn rẹ̀ kò bá tó, wọn kò ní tà fún un, bó tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀.

Ní ọdún 2012, wọ́n lọ sí Mẹ́kà. Àwọn ni wọ́n ra ẹní fún mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Okota, àwọn náà ni wọ́n sì máa ń gba ẹjọ́ àwọn opó rò níbẹ̀.

Ní ọdún 2019, Súnkànmí, ọmọ Ọ̀ṣun tó yá yàrá gbé ní Ìsọlọ̀, gba iṣẹ́ láti la ìrókò kan tó wó ní Àjàó Estate, tí kò ṣeé gbé jáde lódindi. Olúbọ̀wálé, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti Màmá, ta férémù tó gùn jù lọ fún un. Bí ọmọ náà ṣe ń gbé e kọjá ni Màmá pè é.

"Ọmọ mi, ayùn wo lo fẹ́ dè é mọ́?"

Ó gbé ayùn kékeré rẹ̀ sókè. Màmá káwọ́ lérí.

"Dá a padà! Irú èyí ló sọ mí di opó."

Ọmọ náà dá a padà. Ni Olúbọ̀wálé bá jáde sí ìta. "Alhaja, ẹ ti ń ba ọjà mi jẹ́ o! Ó béèrè, mo tà á fún un. Kí ló kàn yín ńbẹ̀?"

"Itan ẹ̀ ló kàn mí," ni Màmá dáhùn.

Olúbọ̀wálé gbé ẹjọ́ lọ sí ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Ẹgbẹ́ ní kí Màmá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé wọn kò ní bá oníbàárà ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ mọ́. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kí ó kúnlẹ̀ fún àwọn tó lè bí lọ́mọ! Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Màmá? Wọ́n ní kí ọmọ ọlọ́mọ má kú. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ẹgbẹ́ sì fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá gbé àga síwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, wọ́n mú téèpù tí wọ́n fi ń wọn igi dání. Wọn kò ní ọjà láti tà mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ń lọ ra férémù ni wọ́n ń dá dúró, tí wọ́n ń sọ èyí tó yẹ ẹ́ fún un. Roqeebah lọ bẹ̀ wọ́n.

"Oòrùn ń pa yín, Màmá. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Jẹ́ kó máa pa mí. Oòrùn ò ní ṣéènì."

Súnkànmí ní tirẹ̀ yá ayùn tó lágbára, ó la ìrókò náà láìsí ìpalára. Ó wá ń kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń la pákó láti Ìsọlọ̀ dé Okota, ó ń ro ohun tí ojú Màmá ń rí fún wọn. Gbogbo wọn pa ohùn pọ̀ pé àwọn kò ní ra nǹkan kan ní ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́, àfi tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn Alhaja. Ọjà dá páropáro. Kí òjò ọdún náà tó dá, ẹgbẹ́ wá ṣí àgádágodo. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́". Láti ìgbà náà ni Olúbọ̀wálé pàápàá ti ń béèrè ìbú igi lọ́wọ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n kò kí Màmá títí tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Màmá jáde láyé nínú oṣù kẹta ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹgbẹ́ ọlọ́jà yìí kan náà gbé bánà wá sílé, wọ́n kọ "Ìyá Wa Àtàtà" sí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ so ó mọ́ ògiri. Mardiyah ká a, ó dá a padà fún wọn. Ẹbí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn lójú ayé kò gbọdọ̀ fi bánà yẹ́ ẹ sí lẹ́yìn ikú. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ibojì Màmá kò jìnnà.

Alhaja Ìsíátù fi àbúrò kan sáyé, àti àwọn ọmọ, Roqeebah àti Mardiyah, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ: Tẹ́júọlá, Lará, Pamílẹ́rìn, àti àwọn mìíràn.

Màmá wa, ẹ sùn re o. Ẹ ti jà tó. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín, kí Ó sì bá yín dá ẹjọ́ tó kù.