Àmínát Gbọ́dọ̀ Jiyàn

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Karùn-ún

Mùsíọ̀ ránṣẹ́ pè mí sí iléèwé lónìí. Tíṣà Faransé Àmínát ni. Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Mùsíọ̀ làwọn ọmọ ń pè é, èmi náà sì ti bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ Ajé! Mo rò pé owó ni wọ́n tún fẹ́ gbà.

Owó kọ́. Àmínát féèlì ni. Àmínát, tó jẹ́ pé tó bá di ti inú ìwé, òun ló ń ṣe ipò kìíní! Ìdánwò ẹnu ló gbé e ṣubú. Obìnrin kan wá láti Ìlọrin sí Ọ̀fà wa níbí láti bá wọn sọ Faransé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí Àmínát ṣe wọlé, ó kúnlẹ̀, ó dorí kodò. Obìnrin yẹn ní ìgboro dáa ju abúlé lọ. Àmínát ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Obìnrin yẹn yí i padà, ó ní abúlé ló dáa jù. Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó ní, àbí ìwọ ò ní èrò tìẹ ni? Bẹ́ẹ̀ ni mà.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, inú sì ń bí mi. Mùsíọ̀ ní iyàn ni wọ́n fẹ́ kó jà — kó gbójú sókè, kó ní òun ò gbà, kó sọ ìdí. Mo ní àgbàlagbà ló ní kọ́mọ mi máa bá jiyàn? Ó ní, "Ìyá Àmínát, ibẹ̀ ni máàkì wà."

Wọn yóò tún un ṣe ní 3 oṣù Kẹfà, kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi Iléyá. Ẹni tí kò bá yege, kò ní kọ Faransé nínú WAEC.

Ìṣẹ́gun, 13

Mo rò ó títí. Kutọnu ni mo ti ń ra àǹkárá. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọjà ti dínwó gan-an, Faransé ni wọ́n ń sọ. Ràfátù ni mò ń sanwó fún kó máa ṣe ògbufọ̀ fún mi. Á bá wọn sọ̀rọ̀ gígùn, wọn á jọ rẹ́rìn-ín, á wá yíjú sí mi: "Wọ́n ní kò gbà." Gbogbo ìtàkúrọ̀sọ yẹn, kò gbà nìkan ló wà níbẹ̀?

Ìdí tí mo fi ní kí Àmínát mú Faransé nìyẹn. Òun ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀. Kò ní já mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí.

Ọjọ́rú, 14

Mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Faransé nílé wa. Kò burú. Èmi á máa jiyàn ní Yorùbá, kó máa fún mi lésì ní Faransé. Ojoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Ojú mi ni kó máa wò. Kò gbọdọ̀ gbà fún mi.

"Mummy, kí n máa já yín níyàn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí bíi pé ibà ń ṣe mí.

Sátidé, 17

Ó ti ń lọ o! Mo ní ìrẹsì dáa ju iṣu lọ — Faransé tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Mo ní kẹ̀kẹ́ dáa ju ọ̀kadà lọ — Faransé! Mo gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí Mùsíọ̀. Èmi kì í ra aṣọ láì tú u wò.

Sọ́ńdè, 18

Mùsíọ̀ fèsì. Kò sí ìrẹsì níbẹ̀, kò sí kẹ̀kẹ́. Àkọ́sórí kan náà ni Àmínát kà lẹ́ẹ̀mejèèjì — ọmọ kan tó lọ kí ìyá ìyá rẹ̀ nígbà ìsinmi.

Ọmọ yìí! Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Èmi ló jọ.

Ọjọ́ Ajé, 19

Mo pa ìrẹsì tì. Mo ní kó gbọ́ o: Iléyá tó ń bọ̀ yìí, Rídwàn àbúrò rẹ̀ nìkan ni màá rán aṣọ fún. Kí òun gbé ti èṣí wọ̀.

Ojú rẹ̀ yí padà. Mo ní, "Ṣé o gbà?"

Hẹ̀n! Faransé tó jáde lónìí — ọwọ́ ń fò, ojú là rekete, ó tọ́ka sí Rídwàn, ó tọ́ka sí mi, ó fa etí aṣọ ara rẹ̀ hàn mí. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ojúlówó ni. Mo fi ránṣẹ́. Mùsíọ̀ ní, "Ìyá, ẹ rán aṣọ fọ́mọ yìí o. Ẹjọ́ ẹ̀ mọ́gbọ́n dání."

Àlàmísì, 22

Kọ́ọ̀tù ti gbọ́. Ìyá ọkọ mi ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dájọ́ rẹ̀. Ó jáde láti yàrá, ó bá Àmínát tó ń nàka sí mi.

"Ta lò ń nàka sí? Ìyá ẹ?"

Mo ní iṣẹ́ iléèwé ni. Ó ní iléèwé wo ló ń kọ́ ọmọ láfojúdi. Ó ní òun ò gbọ́ èdè yẹn, ṣùgbọ́n òun mọ èébú tóun bá rí i. Ó ní kí Àmínát kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Orí kodò. Gbogbo làálàá mi!

Jímọ̀, 23

Alhaji, ọkọ mi, dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ n'Ílọrin. Kó tó bọ́ bàtà, ìyá rẹ̀ ti rojọ́ tán. Ó pè mí. Ó ní, "Ọmọ ń bú ẹ, ìwọ wá ń gbà á sílẹ̀?" Mo gbé fóònù fún un. Ó gbọ́ ọ. Ó tún un gbọ́. Ó ní kí ló sọ níbí yìí? Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Àmínát wa nìyí?" Ojú rẹ̀ ti ń rọ̀, ṣùgbọ́n Kọ́ọ̀tù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó ní kò gbọdọ̀ wáyé nínú ilé yìí mọ́.

Nínú ilé yìí. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Owódé.

Ìṣẹ́gun, 27

Ṣọ́ọ̀bù. Èrò dúró wò wá. Ìyá kan tó ń kọjá já wọlé, ó fa Àmínát létí, ó ní kó bẹ̀ mí kíá. "Alhaja, ẹ forí jì í, ayé ló dà báyìí." Mo dúpẹ́. Mo ta àǹkárá fún un. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà, a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tá a dé.

Jímọ̀, 30

Ohùn Àmínát ti há. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹfà

Ọ̀la ni. Mo gba ààwẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 3

Ó yege! Mùsíọ̀ fúnra rẹ̀ ló pè mí. Obìnrin yẹn ní ìgboro ló dáa jù, Àmínát ní òun ò gbà. Ó ní abúlé, Àmínát ní òun ò gbà. Kí lo wá fẹ́? Ó ní Ọ̀fà. Ó ní kì í ṣe ìgboro bí Ìlọrin, kì í ṣe abúlé, ó sì ní kí obìnrin yẹn wá wò ó kó tó jiyàn. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti WAEC. Alhamdulillah.

Ọjọ́rú, 4

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo ní kí Àmínát fọkàn sí i: tó bá ti kọ WAEC tán, Kutọnu la jọ ń lọ. Ràfátù lè máa lọ sílé.

Àmínát gbé abọ́ kalẹ̀. Kò kúnlẹ̀. Ojú mi ló ń wò. Yorùbá ló sọ.

"Mummy, mi ò ní bá yín lọ."

Mo gbọ́ tí Kọ́ọ̀tù dáwọ́ tẹ̀sùbáà dúró nínú yàrá rẹ̀, ó ń retí ohun tí màá ṣe. "Kúnlẹ̀ níbẹ̀" ti wà lórí ahọ́n mi.

Mo ní, "Fa àga yẹn. Jókòó. Kí nìdí?"

Ó ní Yunifásítì lòun fẹ́ kọ́ Faransé dé. Ó ní òun fẹ́ dà bí obìnrin tó wá láti Ìlọrin, kì í ṣe bíi Ràfátù. Ó ní Rídwàn náà ní ẹnu, kóun náà kọ́ Faransé kó máa bá mi lọ.

Ìdí mẹ́ta. Mo rí èsì fún ọ̀kan péré.