Iṣẹ́ Bọ̀dá Gbádé Ni Mo Fi Wọ Ẹgbẹ́

Mo gba ìyìn lórí iṣẹ́ tí kì í ṣe tèmi, ó ti lé lọ́dún kan báyìí, ó sì ti rẹ̀ mí. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o, torí àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Joburg yìí ò pọ̀ tó bẹ́ ẹ ṣe rò, ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń sọ á mọ̀ mí. Tí bíbú bá tọ́ sí mi, ẹ bú mi, mo ti bú ara mi tẹ́lẹ̀... àmọ́ tẹ́ ẹ bá bú mi tán, ẹ fún mi nímọ̀ràn, torí Friday ni ọ̀rọ̀ yìí máa parí, òní sì ti di Wednesday.

Iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni mò ń ṣe. Mi ò so wáyà o, ìyẹn nìṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ iná. Àwa la máa ń pinnu ibi tí iná máa wà nínú ilé, bó ṣe máa mọ́lẹ̀ tó, ibi tó máa kọjú sí. Lighting designer ni wọ́n ń pè wá. Nígbà tí mo dé láti Èkó, ọdún kẹsàn-án rèé, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Níbi tá a ti wá, tí wọ́n bá ti mú iná dé, ta ló ń béèrè ibi tó kọjú sí? Ọ́fíìsì kan ní Midrand gbà mí láti máa bá àwọn ọ̀gá ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, láti Turffontein ni mo ti ń lọ láràárọ̀, taxi kan tẹ̀ lé òmíràn, tí robot, iná tó ń darí ọkọ̀, bá tún kú lọ́nà ká jókòó síbẹ̀ ká máa wo ara wa. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà lórí internet. Ẹgbẹ́ kan wà fún àwa tá à ń ṣe é, tí o ò bá sí nínú ẹgbẹ́ náà, ayàwòrán lásán ni ẹ́, kò sẹ́ni tó máa fi iṣẹ́ gidi lé ẹ lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sípàdé wọn, mo dúró ti ògiri pẹ̀lú ife júùsì títí júùsì náà fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí, pé iṣẹ́ wo ni mo ti ṣe? Mo gbé ife kalẹ̀, mo lọ sílé.

Àfi bí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jeppestown ṣe ní àwọn fẹ́ tún iná pẹpẹ ṣe. Mo sáré ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn ṣètò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Oníṣẹ́ iná ṣọ́ọ̀ṣì wa ló máa gbé e kọ́, ẹ jẹ́ n pè wọ́n ní Bọ̀dá Gbádé, kì í ṣe orúkọ wọn. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, síbẹ̀ àwọn náà ni wọ́n ń gun àkàbà kiri. "Ẹńjíníà wa" ni wọ́n máa ń pè mí, wọ́n á tún máa fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, èmi àbúrò wọn pátápátá.

Ẹ gbọ́ àṣìṣe mi. Nínú iṣẹ́ wa, ọjọ́ tí wọ́n bá ń kọjú iná síbi tó yẹ, ẹni tó ṣètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó dúró sábẹ́ iná kọ̀ọ̀kan kó máa wò ó. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Èmi ò lọ. Ọ̀gá mi pè mí sí ọ́fíìsì ní Saturday yẹn, mi ò lẹ́nu láti sọ pé rárá, mo bá fi àwòrán ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Gbádé lórí WhatsApp, mo ní kí wọ́n gbé e kọ́ bí wọ́n ṣe rí i. Wọ́n sì gbé e kọ́ bí wọ́n ṣe rí i, gbogbo iná láti òkè tààrà, bó ṣe wà nínú ìwé tí mo kà, ìwé tó jẹ́ pé ojú òyìnbó ló kún inú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní kí ìyá tó ń darí akọrin wá dúró síbẹ̀... wọn ò rí ojú ìyá. Iwájú orí ń dán, ihò ojú méjèèjì ṣókùnkùn. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbé e, mo wà ní meeting. Ṣé ẹ rí i, kí Bọ̀dá Gbádé tó wá sí South Africa, àwọn ni wọ́n máa ń gbé iná tẹ̀ lé àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó n'Íbàdàn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wo ojú èèyàn dúdú nínú iná. Wọ́n bá tú ohun tí mo yà palẹ̀, wọ́n gbé iná sára òpó lọ́tùn-ún lósì, wọ́n kọjú ìyókù sí ògiri kí ìmọ́lẹ̀ lè ti ara ògiri rọra bọ́ sójú èèyàn. Wọ́n wá fi voice note ránṣẹ́ pé kí n má bínú, àwọn yí i díẹ̀, tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn àwọn á dá a padà. Voice note yẹn ṣì wà lórí fóònù mi di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday, ẹsẹ̀ mi dúró. Gbogbo ojú tó wà lórí pẹpẹ ló ń tàn bí ojú ẹni tó sùn dáadáa. Omi bọ́ lójú mi, wọ́n rò pé ayọ̀ ni, ẹ̀yin èèyàn mi, ìlara ni. Pastor pè mí síwájú, wọ́n ní kí ìjọ dìde fún mi. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́, àní mo ti la ẹnu! Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Bọ̀dá Gbádé, àwọn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ jù. Mo kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún mi, mo ṣe àmín. Lẹ́yìn ìsìn mo lọ bá wọn pé kí wọ́n máà bínú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ló ń bí èèyàn nínú níbẹ̀, wọ́n na àtàǹpàkò sí mi, wọ́n ní shap, pé kò sí wàhálà. Mo gbà á bẹ́ẹ̀ torí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn.

Ká ní ó mọ síbẹ̀, ǹ bá má kọ̀wé sí yín. Obìnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí fẹ́ràn mi, ó ní kí n mú iṣẹ́ mẹ́ta wá, òun á dúró fún mi kí wọ́n lè gbà mí wọ ẹgbẹ́. Mo mú ilé oúnjẹ kan, mo mú àtẹ̀gùn ọ́fíìsì kan, mo mú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó, mo tún àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì yà kó bá ohun tí Bọ̀dá Gbádé ṣe mu, mo fi orúkọ mi sí igun rẹ̀. Ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti béèrè ẹni tó tún lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà. Mo kọ "None". Lẹ́tà mẹ́rin péré. Wọ́n gbà mí. Ilé oúnjẹ àti àtẹ̀gùn, wọn ò tiẹ̀ dárúkọ wọn, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni gbogbo wọn ń sọ, wọ́n tún ní kí n wá bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ lórí bí a ṣe ń tanná sójú èèyàn dúdú. Eish. Ọ́fíìsì ti sọ mí di designer, orí ipò yẹn ni ìwé ìgbélùú mi wà báyìí.

Bọ̀dá Gbádé wá bá mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ilé eré orí ìtàgé kan ń wá ẹni tó máa bójú tó iná wọn, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn sókè wà níbẹ̀, àwọn ò ní gun àkàbà mọ́. Ohun tó kù ò ju lẹ́tà kan lọ, láti ọwọ́ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa, kó sọ iṣẹ́ kan pàtó tó rí tí wọ́n ṣe, Friday ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n sì máa gbà á mọ. Èmi nìkan ni wọ́n mọ̀ nínú ẹgbẹ́, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn nìkan sì ni mo rí tí wọ́n ṣe. Ta sì lẹ rò pé ó máa ka lẹ́tà náà? Obìnrin tó dúró fún mi yẹn gan-an, òun ló ń bá ilé eré náà yan èèyàn! Mo ní laptop mi bàjẹ́. Mo tún ní ara ọmọ mi ò yá. Ara ọmọ mi le koko, ẹ gbọ́ mi? Mo fi àìsàn purọ́ mọ́ ọmọ tí mo bí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ òkùnkùn, kó má dá òṣùpá lóró, àwọn àgbà ti sọ ọ́, èmi tí mò ń jẹun nídìí ìmọ́lẹ̀ ni mo wá ń ṣe èyí.

Ọkọ mi ní kí n yé da ara mi láàmú, kí n kọ ọ́ pé wọ́n máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, wọ́n sì ṣeé fọkàn tán, ó parí. Ó ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an ò bínú, ṣé èmi ni mo fẹ́ máa bá wọn bínú? Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kà á. Lẹ́tà tí èèyàn lè kọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní aago lọ́wọ́ ni. Tí mo bá kọ òótọ́, wọ́n lè lé mi nínú ẹgbẹ́, ọ́fíìsì á gbọ́, kí lọmọ mi máa jẹ, ibo la máa gbà? Tí mi ò bá kọ ọ́, Bọ̀dá Gbádé á tún gbé àkàbà wọn lórí orúnkún yẹn, wọn ò sì ní mọ ìdí ẹ̀ láéláé. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣé ẹ̀yin lè sùn tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni?

Ní Sunday tó kọjá, Bọ̀dá Gbádé dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò bínú rárá. Wọ́n ní, "Ẹńjíníà, mo mọ̀ pé àyè ò sí, tí kò bá ti rọrùn, ẹ kàn kọ pé ẹ mọ̀ mí."

Mo ti pa lẹ́tà tí ọkọ mi ní kí n kọ rẹ́. Orúkọ Bọ̀dá Gbádé nìkan ló kù lórí ìwé, orúkọ wọn gidi. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà jù mí lọ... kí ni kí n kọ tẹ̀ lé e?